Ẹni tó ń gbọ́ ọmọ kọ́ ló yẹ kó máa jẹ ẹ́ níyà

Òfin Ìjọ Kátólíìkì tó ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1983 ní abala kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé Àgùdà kò tíì kà rí. Abala 985 ni. Ohun tó sọ ni pé àlùfáà tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ máa gba ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé inú ilé ẹ̀kọ́ náà, àfi bí ọmọ kan bá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní ìgbà kan. Abala tó ṣáájú rẹ̀, 984, sọ pé ẹni tó wà nípò àṣẹ kò lè fi ohun tó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ darí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé kó má sọ ọ́ síta nìkan o. Kò gbọdọ̀ lò ó rárá ni. Bí ọmọ bá jẹ́wọ́ fún un lánàá pé òun ló ń fo ògiri jáde lóru, kò lè tìtorí ìyẹn pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà lónìí, kò sì lè ní kí ọdẹ wá máa ṣọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Gbogbo ohun tí mo ní í sọ nípa ìtọ́jú ọmọ àti ìwà ọmọ nílé ìwé Kátólíìkì, inú abala méjì yìí ló ti ń sun jáde. Yorùbá ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Nínú ilé, ara ẹnì kan náà ni ọwọ́ méjèèjì wà, kò sì burú. Ní bọ́dìn tí irinwó ọmọ ń gbé, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wà lára ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń gbọ́ àṣírí ọmọ, tí òun náà tún ń mú pàṣán, kì í pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń mọ̀, wọ́n á sì panu mọ́. Ẹ̀rù ọmọ tó panu mọ́ ló yẹ kó máa bà wá, kì í ṣe ti aláriwo.

Àwọn ilé ìwé tí mo ní lọ́kàn ni àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá: irú St. Gregory's tó ti wà ní Ọbáléndé láti ọdún 1928, Holy Child ní àdúgbò kan náà láti 1945, Aquinas ní Àkúrẹ́ láti 1951, Loyola ní Ìbàdàn láti 1954, àti àwọn kéékèèké tí dáyósíìsì ń dá sílẹ̀ lóde òní. Nígbà tí ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn àlùfáà àti Sístà tó ń sùn nínú ọgbà ló kọ́kọ́ lọ. Ìjọba Èkó dá díẹ̀ padà ní 2001. Òmíràn ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba títí di òní. Níbi tí wọ́n ti rí ilé ìwé gbà padà, ògiri ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n á kùn ún, wọ́n á ra kọ̀ǹpútà. Ẹni tó máa sùn nítòsí ọmọ lóru ni wọ́n ń rántí kẹ́yìn, torí pé owó oṣù tirẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò tí wọ́n ń fi polówó.

Ta ló ń ṣe kí ni

Ètò tó máa ń dúró rèé. Gíwá ló ni àṣẹ. Igbákejì gíwá ló ń rí sí ìwà ọmọ: òun ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun ló ń kéde ìyà. Fadá tí Bíṣọ́ọ̀bù yàn láti máa tọ́jú ẹ̀mí àwọn ọmọ kì í jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́. Bí ọmọ bá fẹ́, Fadá lè bá a jókòó níwájú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kì í dìbò, kì í sì í fọwọ́ sí lẹ́tà tí wọ́n fi ń lé ọmọ lọ sílé. Bákan náà ni kánsẹ́lọ̀. Nílé ìwé tí Fadá fúnra rẹ̀ ti jẹ́ gíwá, wọ́n sì pọ̀, ẹ wá àlùfáà mìíràn láti páríṣì tó wà nítòsí kó máa wá gba ìjẹ́wọ́. Nílé ìwé tí Sístà jẹ́ gíwá, ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ wà: Sístà kan náà tó ń lé ọmọ lọ sílé ni gbogbo ọmọbìnrin ń sunkún lọ bá. Ẹ wá Sístà kejì tí kò ní àṣẹ kankan lórí wọn, kó ní wákàtí tirẹ̀ àti àga tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè rí i.

Ẹni tó mọ̀ jù nínú gbogbo wọn ni mátírọ́ọ̀nù, owó oṣù rẹ̀ ló sì sábà máa ń kéré jù. Òun ló mọ ẹni tí kò jẹun lálẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ẹni tí bàtà rẹ̀ sọnù tí kò fẹjọ́ sùn. Bí mátírọ́ọ̀nù kan bá ń bójú tó ju ogójì ọmọ lọ, kò ráyè tọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́, orí ló ń kà. Ẹ fún un ní ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìjókòó nínú ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí igbákejì gíwá, nọ́ọ̀sì àti kánsẹ́lọ̀ ń ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ilé ìwé tó bá ń ṣe ìpàdé yìí láìsí mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ẹ pín àwọn ọmọ sí agbo kéékèèké, ọmọ méjìlá sí olùkọ́ kan, kí ẹ da kíláàsì pọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n á máa pàdé fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni olùkọ́ máa bi ọmọ kọ̀ọ̀kan: ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ta lò ń bá jókòó? Ẹ̀kẹta ni kókó. Ọmọ JSS 1 tí kò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ kẹrin táàmù àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí mátírọ́ọ̀nù sì gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àárò ilé máa ń farahàn bí inú rírun. Bí ọmọ kan náà bá ń wá sí yàrá nọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ Sunday mẹ́ta tẹ̀léra, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí kò sì ṣu gbuuru, Flagyl kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà

Ìṣirò ni ìjẹ́wọ́ nílé ìwé kọ́kọ́ jẹ́. Bí igba ó lé ogójì ọmọ bá fẹ́ jẹ́wọ́ ṣáájú Kérésìmesì, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, wákàtí méjìlá nìyẹn. Fadá kan kò lè ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsí pé ó ń lé àwọn ọmọ kọjá bí ẹni ń ka owó. Àlùfáà mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta: ìyẹn ṣeé ṣe. Kí ó kéré tán méjì nínú wọn jẹ́ àlejò tí àwọn ọmọ kò ní rí mọ́ lọ́la níbi oúnjẹ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kó ti wáyé, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí àlùfáà àti ọmọ, ṣùgbọ́n tí etí kankan kò lè gbọ́ wọn, kí aṣọ tàbí pákó sì wà láàárín. Kò sí ìdí kankan tí ọmọ fi gbọdọ̀ lọ jẹ́wọ́ nínú yàrá Fadá.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ ni títò tí wọ́n ń to ọmọ sórí ìlà, kíláàsì lẹ́yìn kíláàsì, tí olùkọ́ dúró pẹ̀lú ìwé orúkọ, ó ń fa ìlà sí ẹni tó ti lọ. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n bá fipá mú ọmọ ṣe, irọ́ ló ń kọ́ ọmọ. Ẹ kó gbogbo kíláàsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ogójì ìṣẹ́jú, kí orin máa lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ á dìde, ẹni tí kò fẹ́ á jókòó síbi tó wà. Kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ ẹni tó ṣe tàbí ẹni tí kò ṣe sílẹ̀, títí kan olùkọ́.

Èdìdì tó wà lórí ìjẹ́wọ́ kò sí lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àwọn ọmọ ò sì mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún wọn. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá, kí kánsẹ́lọ̀, mátírọ́ọ̀nù tàbí Fadá tó jókòó sábẹ́ igi kọ́kọ́ sọ pé: “Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ọ́ níbi, mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó lè dá a dúró.” Àwọn kan bẹ̀rù pé gbólóhùn yìí máa pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Nígbà míràn ó máa ń pa á mọ́ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ ṣèlérí fún tí ẹ wá yẹ àdéhùn kò ní padà wá mọ́ láé, á sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ pé àgbàlagbà kan, tàbí sínìọ̀ kan, ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ìbéèrè méjì péré lẹ ní: “Kí ló ṣẹlẹ̀?” àti “Kí ló tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?” Ẹ má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Láàárín wákàtí kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bó bá fi Yorùbá sọ ọ́, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Gíwá gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ gíwá ni ẹni tí ọmọ ń sọ, ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù ni kí ọ̀rọ̀ gbà lọ, kí àwọn aláṣẹ ìjọba náà sì gbọ́. Ní ọdún 2019 Póòpù Francis pa á láṣẹ pé àlùfáà tàbí Sístà tó bá gbọ́ irú nǹkan yìí níta ìjẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ Ìjọ létí kíákíá, kò sì ní kí ìyẹn dípò òfin ìlú. Ní 2023 ó sọ àṣẹ náà di èyí tí kò ní gbèdéke. Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ dé ọsibítù kí wákàtí méjìléláàádọ́rin tó pé, torí oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ wẹ̀. Aṣọ tó wọ̀, inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá máa ń mú kó bu. L'Ékòó, Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà ń ṣe ìtọ́jú yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ pe ọmọ àti ẹni tó fẹ̀sùn kàn sínú yàrá kan, kí àwọn àgbà wá “yanjú ẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí.” Ibẹ̀ ni ẹjọ́ máa ń kú sí.

Bó bá jẹ́ inú ìjẹ́wọ́ ni ọmọ ti sọ ọ́ ńkọ́? Fadá kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyà tí Ìjọ fi lélẹ̀ fún àlùfáà tó bá tú àṣírí ìjẹ́wọ́ ni ìyọnilẹ́gbẹ́, lójú ẹsẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ fún ọmọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kọ́, kó sì rọ̀ ọ́ pé lẹ́yìn àdúrà, kí àwọn méjèèjì jókòó níta kó tún un sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ á gbà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí Fadá tó ń gba ìjẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní táàmù dúró di ìrọ̀lẹ́, kó má kàn wọkọ̀ lọ.

Atọ̀ọ́lé, olè àti sínìọ̀

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń jẹ ọmọ níyà fún jù kì í ṣe ìwà rárá: títọ̀ sórí ibùsùn. Nínú ọgọ́ta ọmọ JSS 1, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mátírọ́ọ̀nù máa bi ìyá lórí fóònù ni pé ṣé ó ti ń tọ̀ọ́lé láti kékeré, àbí ibí ló ti bẹ̀rẹ̀? Bó bá ti wà láti kékeré, ara ọmọ ni kò tíì gbó tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń jáwọ́ fúnra wọn. Bí ibùsùn ọmọ bá ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ohun kan ló fà á. Kí nọ́ọ̀sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀ tàbí ṣúgà, kó sì bi í bóyá ó ń yàgbẹ́ déédéé, nítorí ìgbẹ́ tó le máa ń tẹ àpò ìtọ̀. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń tọ̀ọ́lé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: kíndìnrín rẹ̀ kì í lè dá omi dúró bí ti ẹlòmíì, ìtọ̀ á sì pọ̀. Ẹ lè ní kí ọmọ mìíràn má mu omi púpọ̀ lẹ́yìn aago méje alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi du ẹni tó ní àrùn yìí láéláé. Òǹgbẹ lè gbé ìrora eegun dìde, kó sì gbé e dé ọsibítù.

Bí nọ́ọ̀sì kò bá rí nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ lọ wo ọ̀nà. Kí mátírọ́ọ̀nù dìde láago méjì òru, kó rìn láti ibùsùn ọmọ náà dé ilé ìtọ̀ láìtan tọ́ọ̀ṣì. Ohun tó sábà máa bá níbẹ̀ ni pé gílóòbù ti jó, pé ọ̀nà gba ẹnu dọ́mítírì àwọn SS 2 kọjá, àti pé sínìọ̀ kan ti kìlọ̀ pé júníọ̀ tó bá fi ẹsẹ̀ jí òun máa kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ tó wá yàn láti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà, kò sì ṣì í ṣírò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Gílóòbù kan tó ń tàn mọ́jú. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ lára bọ́ńkì, nítòsí ilẹ̀kùn. Rọ́bà lábẹ́ bẹ́ẹ̀ṣíìtì, kí ṣíìtì méjì mìíràn sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mátírọ́ọ̀nù. Láago mẹ́wàá ààbọ̀, nígbà tí mátírọ́ọ̀nù bá ń yípo, kó jí i pátápátá, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ kó tó lọ tọ̀. Ọmọ tí wọ́n wọ́ lọ bó ṣe ń sùn, ìtọ̀ ojú oorun ni wọ́n ń kọ́ ọ. Aṣọ tó tutù á wọ inú àpò bíi ti gbogbo aṣọ fífọ̀ kí agogo tó lù. Ti fómù ńkọ́? Bí ẹ bá ní kí ó nìkan gbé e jáde sóòrùn níṣojú àsẹ́ńbílì, ẹ ti fún gbogbo ilé ìwé ní orúkọ tí wọ́n máa pè é títí ọdún mẹ́fà. Ẹ sọ ọ́ di òfin pé gbogbo dọ́mítírì ń sá fómù ní gbogbo Sátidé. Tirẹ̀ á wà láàárín ti àwọn yòókù.

Olè jíjà náà ní àkókò tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ oúnjẹ máa ń pọ̀ nígbà tí pírófíṣọ̀n bá tán, tí ọjọ́ àbẹ̀wò òbí kò sì tíì dé. Kí ẹ tó wá olè, ẹ béèrè ohun tó sọnù. Gààrí, súgà, mílíìkì: ebi ni, tàbí pé sínìọ̀ ti gba ti ọmọ náà kó tó lọ mú ti ẹlòmíì. Owó àti fóònù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Fún ti oúnjẹ, kí ọmọ dá a padà tàbí kí ó san án díẹ̀díẹ̀, kí mátírọ́ọ̀nù sì yẹ àpótí rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí táàmù á fi parí. Kí igbákejì gíwá wádìí ibi tí pírófíṣọ̀n tirẹ̀ gbà lọ. Ẹ má fìyà jẹ gbogbo dọ́mítírì nítorí ẹnì kan: ọgbọ̀n ọmọ tí kò jalè á kórìíra yín, olè á sì wà láàárín wọn, á máa bá wọn ráhùn. Àwọn kan máa ń kó Bíbélì jáde pé kí gbogbo wọn búra, tàbí kí wọ́n ní Fadá máa gbàdúrà, ikùn ẹni tó jí i máa wú. Ẹ̀pè nìyẹn, kì í ṣe àdúrà. Nílé ìwé tó ń fi Mísà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ó yẹ kó tì wá lójú.

Ti sínìọ̀ àti júníọ̀, òfin tó ṣeé mú lò ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí pé wọ́n rú. “Ẹ má fìyà jẹ júníọ̀” kò ṣeé mú lò. “Sínìọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wà ní dọ́mítírì júníọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án” ṣeé mú lò. “Júníọ̀ kì í fọ aṣọ ẹlòmíì” ṣeé mú lò, torí pé orúkọ wà lára aṣọ. Pírífẹ́ẹ̀tì kì í mú ẹgba, kì í ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀; orúkọ ló ń kọ. Àwọn olùkọ́ àgbà máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò mọ ibi tí ìyà ń pin sí, ilé ìwé ló sì máa dáhùn nílé ẹjọ́.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀

Wákàtí àkọ́kọ́ ló ń pinnu bí yóò ṣe rí. Ẹ ya àwọn tó ń jà, ẹ fún wọn lómi, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kì í pe ọ̀rọ̀ fún un kọ, kì í sì í fa bébà ya kó ní kó tún un kọ. Àgbàlagbà méjì ni kó wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Òbí gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà, láti ẹnu ilé ìwé, kí ọmọ tó yá fóònù ẹlòmíì pè é.

Ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta sí márùn-ún ni kó gbọ́ ọ. Kí ọmọ yan olùkọ́ kan tó máa jókòó tì í. Kí wọ́n dájọ́ láàárín ọjọ́ ilé ìwé márùn-ún, nítorí ọmọ tí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jìyà tán kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ sílé, mi ò fara mọ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi bí ẹlòmíì kò bá ní fọkàn balẹ̀ nítorí rẹ̀. Òbí ni kó wá mú un, ẹ má fi ọmọ sọ́nà gáréèjì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àpótí lórí. Kó gbé iṣẹ́ kíláàsì lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Fadá á pè é, kì í ṣe láti wàásù o, láti béèrè bó ṣe ń ṣe. Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Lọ́jọ́ tó bá padà, kó kọ́kọ́ rí igbákejì gíwá pẹ̀lú òbí fún ogún ìṣẹ́jú, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀, nínú yàrá, kì í ṣe lórí pèpéle àsẹ́ńbílì. Lẹ́yìn náà, kíláàsì tààrà.

Ní ti ẹgba, àwọn tó ń sọ pé àṣà àwọn Fadá àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí Don Bosco, ẹni mímọ́ tí Ìjọ ń tọ́ka sí jù bó bá di ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọkùnrin. Àwọn Salesian, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, wà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ lónìí. Ní ọdún 1877, ní Ítálì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yẹra pátápátá fún lílu ọmọ, fún fífi orúnkún rẹ̀ kúnlẹ̀ níbi tó ń dùn ún, fún fífa etí: òfin kò gbà á, ó ń bí ọmọ nínú, ó sì ń tẹ́ olùkọ́ lógo. Ó ní ìbáwí gbọ́dọ̀ jẹ́ ní kọ̀rọ̀, àfi nígbà tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ka ìyẹn kó má rántí ìkúnlẹ̀-nawọ́-sókè tiwa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀ oòrùn ti sọ di òfin tiwọn, kò fàyè gba kí wọ́n ṣe ọmọ léṣe, ìbáà jẹ́ lára tàbí lọ́kàn.

Àdúrà náà kì í ṣe pàṣán. Ọmọ tó pẹ́ dé pírẹ́ẹ̀pù, ìyẹn ìwé kíkà alẹ́, tí wọ́n ní kó lọ ka Rosárì márùn-ún lórí ìkúnlẹ̀, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé Màríà ló ń jẹ èèyàn níyà. Ààwẹ̀ ńkọ́? Òfin Ìjọ kò di ààwẹ̀ ru ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Àìjẹ ẹran ló bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ilé ìdáná gbọ́dọ̀ se oúnjẹ fún àwọn júníọ̀ ní Ọjọ́rú Eérú, kí ẹnikẹ́ni má sì pè wọ́n ní ọ̀jẹun. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà wà láàárín wa, ní ilẹ̀ Yorùbá ibo ni wọn kò sí? Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú ọmọ ilé ìwé wá sí ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin Ìjọ fúnra rẹ̀, abala 748, ní kò sẹ́ni tó lágbára láti fipá mú èèyàn gba ìgbàgbọ́. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé: ìsìn wo ni dandan, ìsìn wo ni kì í ṣe dandan, níbo ni ọmọ tí kò wá máa wà, ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Ramadan, sàárì gbọ́dọ̀ dé kí aago márùn-ún tó lù, kí wọ́n sì tọ́jú oúnjẹ ìṣínu. Wàhálà tí èyí ń fà fún alásè kò tó ìdajì wàhálà tí àìṣe é ń fà.

Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ ní. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ wà lọ́wọ́ igbákejì gíwá: ọjọ́, aago, ibi, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n rí. “Ọmọ yìí le” kì í ṣe àkọsílẹ̀. “Ó ju àga lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí wọ́n ka èsì ìdánwò” ni àkọsílẹ̀. Ìwé ìtọ́jú wà lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, ìgbìmọ̀ ìbáwí kì í sì í kà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ka ti ìṣẹ̀lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wo aago nìkan. Bí ìjà bá ń pọ̀ láàárín ìparí pírẹ́ẹ̀pù àti ìgbà tí iná ń kú, olùkọ́ ló sọnù ní wákàtí yẹn, kì í ṣe ìwà àwọn ọmọ ló bàjẹ́ lójijì.

Òbí tó ń wá ilé ìwé sábà máa ń béèrè èsì WAEC àti iye owó ilé ìwé. Ẹ fi mẹ́rin kún un: ta ló ń gba ìjẹ́wọ́ àwọn ọmọ, ta ló lè jẹ ọmọ mi níyà láìkọ ọ́ sílẹ̀, mátírọ́ọ̀nù mélòó ló ń sùn ní dọ́mítírì, nọ́ńbà ta ni mo lè pè láago mọ́kànlá alẹ́? Bí wọ́n bá dá yín lóhùn sí ìkejì pé “Ah, Mọ́mì, gbogbo olùkọ́ wa ló ń tọ́ wọn,” ẹ ṣì lè gba fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó.